Ife Omi Ilé Ládàánì

Dàbínù kan ṣoṣo ni Habeebat fi ṣínu lọ́jọ́ náà, dàbínù náà kò sì kọjá.

Ó jẹ ẹ́ kúnná, ó gbé e mì, ó wá dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn. Ó fọwọ́ kan àyà. Ó gbé omi, ó fà á díẹ̀. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan tó fi tẹ orí síwájú, tí omi náà sì ń padà jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń kán tótó sórí ẹní.

"Màámi, kò lọ."

Àsàmáù gbé abọ́ ẹ̀kọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Kì í ṣe lẹ́nu ọmọ yìí, kì í ṣe nínú ilé yìí, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ọ rí.

"Kí ni kò lọ?"

"Omi. Ibí yìí ló ń dùn mí." Ó fi ìka kan àárín àyà. "Ó ń ta mí bí iná. Láti ọ̀sán ni. Mo rò pé ebi ni."

"Láti ọ̀sán, o ò sọ?"

"Mo ń gba ààwẹ̀, Màámi. Kí ni ǹ bá sọ?"

Ìyá tó bí Àsàmáù, abúlé Sosan ló kú sí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iyán ni kò kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní kó máa jẹ ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ náà kò lọ mọ́, wọ́n ní kó máa mu omi. Nígbà tó yá, itọ́ ara rẹ̀ pàápàá kò lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìyá àgbà náà fi ń wo oúnjẹ lójú, oúnjẹ náà ń wò ó. Àsàmáù ló ń fi òwú tútù nu ètè rẹ̀, oyún àkọ́bí rẹ̀, Awwal, nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti fi nǹkan kan ẹnu níwájú rẹ̀, ọ̀fun ẹni náà ló máa ń wò.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó tún wúwo ju ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lọ, òun àti ọmọ náà nìkan ló mọ̀ ọ́n. A ó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ni ká kọ́kọ́ sọ, torí ojú ló bí ọ̀fun.

Irorẹ́ kì í ṣe àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń wí. Ta ni kò ní i rí? Ṣùgbọ́n ti Habeebat kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi èékánná tẹ̀. Kókó ni, kókó pupa tó le bíi kóró àgbálùmọ̀ lábẹ́ awọ. Ó ń gbóná, ó ń ro ó. Èyí tó bá tú á ṣọyún, á ṣẹ̀jẹ̀, á sì fi kòtò sílẹ̀ bí ibi tí ẹyẹ ti ṣá ìbẹ́pẹ. Ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó gba abẹ́ àgbọ̀n, ó sọ̀ kalẹ̀ dé èjìká. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, kò lè fi ẹ̀gbẹ́ ojú lé ìrọ̀rí sùn.

Mọ́júbọ́lá ni aládùúgbò wọn, aránṣọ ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta.

"Ìyá Awwal, ẹ fún ọmọ yìí lọ́kọ! Irorẹ́ ọkọ nìyẹn. Ọjọ́ tó bá wọlé ọkọ, ojú yẹn á dán bíi dígí."

"Ìwọ ńkọ́, Ìyá Nathaniel, tí o ti wà nílé ọkọ lógún ọdún, tí irorẹ́ ṣì wà ní imú ẹ?"

"Tèmi kì í ṣe ti ọkọ mọ́, ti ìyọnu ọkọ ni!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Habeebat kò rẹ́rìn-ín. Mọ́júbọ́lá yìí kan náà ló lọ ra tíúbù ìpara kan wá fún un. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ojú funfun, ojú dán. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta gbogbo ohun tó ti lọ padà wá, ó sì mú ìdílé rẹ̀ dání.

Ìgbà náà ni Habeebat bẹ̀rẹ̀ sí í lo níkáàbù. Ó ní aṣọ dúdú ló wu òun, kó bo ojú kó ku ẹyinjú. Hámzàt, bàbá rẹ̀, ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ní Ìkàrẹ́, òun ló ń pe ìrun. Àwọn èèyàn ń kí i lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: "Ààfáà, a rí ọmọ yín o! Ọlọ́run á jẹ́ kí tiwa náà fìwà jọ ọ́." Inú rẹ̀ ń dùn. Ó máa ń wálé wá sọ ọ́. Àsàmáù á máa wo ilẹ̀. Ó mọ̀ pé kì í ṣe Ọlọ́run nìkan ni ọmọ náà ń bo ojú fún.

Kajú ni Àsàmáù ń rà. Ní àsìkò rẹ̀, á lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní Sosan àti Etioro, á ra kóró wọn, á sá a, á tà á fún àwọn tó ń kó o lọ sí òkè òkun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó yẹ kó lọ sí oko, ó rí Habeebat níwájú dígí, ó fi ìbòrí fún ojú ara rẹ̀ pọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìwọ, kí ni mo ṣe ọ́?" Àsàmáù kò lọ sí oko. Ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀kà. Kò mú un lọ sí ti Ìkàrẹ́, torí ní Ìkàrẹ́, bí ìyàwó ládàánì bá sín, ẹni mẹ́ta á kí i kú àìsàn.

Dókítà Ìtùnú ló bá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó gé irun mọ́lẹ̀, tó wọ awò ojú. Ó di àgbọ̀n Habeebat mú, ó yí ojú rẹ̀ sí fèrèsé, ó wò ó pẹ́. Kò ṣe "háà". Àsàmáù fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

"Ẹ má fi tíúbù kankan kàn án mọ́," ó ní. "Ohun tí à ń fi pa ojú kò lè dé ibi tí èyí wà. Ó ti jinlẹ̀. Èyí tó máa gbé mì la ó fún un."

Kápúsù aláwọ̀ ewé ni. Ọ̀kan lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta. Dókítà náà ń ka ìka bó ṣe ń sọ ọ́: lẹ́yìn oúnjẹ ni kó lò ó, ife omi kan gbáko ni kó fi gbé e mì, kì í ṣe ìdajì, kó má dùbúlẹ̀ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi kọjá, kó má lò ó pọ̀ mọ́ mílíìkì, kó sá fún oòrùn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn èèyàn pọ̀ ní ìta, ó pe ẹlòmíràn. Ó sọ bí wọn ó ṣe ṣe é. Kò sọ ìdí rẹ̀. Àsàmáù náà kò béèrè. Ìwé mẹ́rin ló kà kí bàbá rẹ̀ tó ní kó wá máa ṣọ́ ẹyẹ ní oko ìrẹsì, ó mọ nọ́ńbà, ó sì mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n níwájú àwọn tó wọ aṣọ funfun, ẹnu rẹ̀ máa ń gbẹ. "Ẹ ṣé, Dókítà" ló mọ̀ ọ́n sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àwọn kókó náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún yìí náà ni ààwẹ̀ wọlé. Wọn kò lọ bi dókítà pé báwo ni ká ti ṣe é. Àwọn fúnra wọn ló gbé kápúsù náà sí ìdí sàárì, kí wọ́n tó pa ẹnu dé. Ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ojú ń tutù. Habeebat ti ń ṣí níkáàbù nínú ọgbà.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Hámzàt ní àṣà kan. Kó tó pe ìrun àsùbáà, á tan gbohùngbohùn, ẹ̀rọ náà á kùn hììì, á sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì sínú rẹ̀: *hẹ̀-hẹm, hẹ̀-hẹm*. Gbogbo àdúgbò mọ ikọ́ yẹn. Nínú oṣù ààwẹ̀, ikọ́ ládàánì ni wọ́n fi ń pa ẹnu dé. Bí ó bá ti wúkọ́, àgbà tó ní iṣu lẹ́nu á tu ú. Ní ilé ládàánì fúnra rẹ̀, òfin náà tún le sí i. Àsàmáù ló ṣe é lófin. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Ó kàn mọ̀ pé kò yẹ kó jẹ́ láti ilé ẹni tó ń pe ìrun ni wọn ó ti gbọ́ ìró ṣíbí lẹ́yìn ikọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sùn kọjá àkókò. Iná kò sí láti ọjọ́ mẹ́rin, fóònù tó ń jí wọn ti kú. Hámzàt ti lọ sí mọ́ṣáláṣí ní tirẹ̀. Nígbà tí Àsàmáù lajú, ó rò pé ilẹ̀ ti mọ́. Ó sáré gbọ́n ìrẹsì àná sínú abọ́. Habeebat jẹ òkèlè mẹ́ta, ó ju kápúsù sẹ́nu, ó gbé ife. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tíì fà á.

*Hẹ̀-hẹm.*

Ọwọ́ Àsàmáù ti jáde kó tó mọ̀. Ó gba ife náà lẹ́nu ọmọ.

"Ó tó. Bàbá ẹ ti wúkọ́."

"Màámi, oògùn yẹn..."

"Ó ti wọlé, àbí kò wọlé? Ó tó, mo ní."

Ó da omi náà sí ìdí ìbẹ́pẹ. Ó gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe mu ún. Habeebat wò ó, ó kírun, ó padà sórí ẹní, ó sì sùn títí oòrùn fi yọ.

Ohun tí àwọn méjèèjì mọ̀ nìyẹn. Òun ni Àsàmáù ń rò báyìí, ní ìrọ̀lẹ́, tí omi ìṣínu ń kán lẹ́nu ọmọ rẹ̀ sórí ẹní.

Mọ́júbọ́lá gbọ́ ohùn, ó yọjú lórí ògiri. "Kí ló dé?"

"Dàbínù ló há a lọ́fun," ni Àsàmáù wí. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Ìyẹn kò nira! Ẹ ro èbà tó le díẹ̀ fún un. Òkèlè ńlá kan, kó má jẹ ẹ́, kó gbé e mì báyìí, gbìì! Á tì í lọ. Bí a ṣe ń ṣe é fún eegun ẹja nìyẹn."

Àsàmáù ro èbà. Habeebat ti òkèlè náà sẹ́nu, ó di ojú, ó gbé e mì.

Igbe tó ké, ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé dìde. Èbà náà padà jáde pẹ̀lú itọ́ tó yi, okùn pupa tín-ínrín kan sì wà nínú itọ́ náà. Mọ́júbọ́lá fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá Awwal," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "eléyìí kì í ṣe ti èbà o. Ẹ dárí jì mí. Ẹ gbé e lọ sí Ọ̀kà."

Hámzàt dé láti ibi ìrun àṣámù, ó bá ọmọ ní ìjókòó, abọ́ itọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí ló jẹ?"

"Dàbínù," ni Àsàmáù wí.

Ó wo ìyàwó rẹ̀ díẹ̀. Ó ṣe àdúà sínú omi, ó gbé e fún ọmọ náà, omi àdúà náà kò lọ. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́ kí wọ́n wọkọ̀. Òun náà kò sùn. Àsàmáù gbọ́ bó ṣe ń yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ nínú òkùnkùn, òun ìyàwó sì dùbúlẹ̀, ó ń ka èémí Habeebat, ó ń ro òwú tútù lórí ètè ìyá rẹ̀.

Nínú táksí tó ń lọ sí Ọ̀kà, Habeebat kò lè gbé itọ́ mì. Ó ń gbé níkáàbù sókè díẹ̀, ó ń tu ú sínú ọ̀rá. Obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ata sórí itan ń wò wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Àkùngbá.

"Ìyá, irú itọ́ yìí, oṣù mélòó ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu awakọ̀. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, Ìyá Aláta. Àwọn tó bo ojú náà ń bí."

Nígbà mìíràn, Àsàmáù ì bá ti fún wọn lésì tí wọ́n máa gbé délé. Lónìí, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú lábẹ́ aṣọ, ọwọ́ náà gbóná.

Dókítà Ìtùnú dá wọn mọ̀. Ó ní kí Habeebat ṣí ojú. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ojú ti ń dáa," ó sì wá gbọ́ ohun tó gbé wọn wá. Ó tan iná sẹ́nu ọmọ náà. Ó tẹ àyà rẹ̀. Ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbọ́," ó ní, "kápúsù yẹn, ife omi mélòó lo fi gbé e mì láàárọ̀ àná?"

Habeebat wo ìyá rẹ̀. Kò pẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣẹ́jú. "Ife kan, mà. Gbáko."

"O jókòó lẹ́yìn ẹ̀?"

"Mo jókòó, mà."

Dókítà gbé bírò kalẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, Àsàmáù rí i, torí òun tó ti ń wo ọ̀fun àwọn èèyàn láti ọdún mẹ́rìnlélógún, láti ìgbà ikú ìyá rẹ̀, kì í ṣẹ́jú.

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò lè di ẹ̀bi ru kápúsù. Ohun mìíràn ni ká wá. Màá kọ ìwé fún yín, ẹ máa gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ débi ikùn." Ó yíjú sí Àsàmáù. "Mà, ṣé a rí ẹnì kan nínú ìdílé yín tí oúnjẹ kò lọ lọ́fun ẹ̀ rí?"

Ọ̀rọ̀ náà wà ní etí ahọ́n Àsàmáù. Òótọ́ sì ni. Bó bá ní, "Ìyá mi ni," gbogbo rẹ̀ á bọ́ sórí ìyá náà. Òkú kì í jà. Ẹnikẹ́ni kò ní í tún béèrè ife. Wọn ó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀, wọn ó ti nǹkan bọ ọmọ rẹ̀ lọ́fun, wọn ó máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀, òun á sì jókòó sí ìta, òun á mọ̀.

"Ìyá mi," ó wí. Ó dúró. "Ìyá mi ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn, Dókítà. Kì í ṣe ti ìyá mi."

"Màámi," ni Habeebat wí, kíá.

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Èmi ni mo gba ife lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló tíì fà á. Bàbá ẹ̀ wúkọ́, mo ní ó tó, mo gba omi náà, mo dà á nù. Ọmọ náà ní oògùn ńkọ́, mo ní ó ti wọlé. Ó sì padà lọ dùbúlẹ̀. Ó sùn. Mo rí i tó sùn, mi ò jí i. Èmi ni. Irọ́ tó pa yẹn, torí mi ló ṣe pa á."

Fáànù ń yí lókè, ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́.

Dókítà Ìtùnú yọ awò, ó nu ojú. "Ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ẹ rí i, bí kápúsù yẹn ò bá rí omi tó máa tì í lọ, tí èèyàn sì dùbúlẹ̀, kì í dé ikùn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun, á yọ́ síbẹ̀, á sì bó ibẹ̀. Egbò ló wà níbẹ̀ báyìí."

Àsàmáù wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àpá dúdú wà ní ìka mẹ́ta, láti kékeré, ọjọ́ tó fi eyín pa kóró kajú tútù tí epo rẹ̀ ta sí i lára. Ètè rẹ̀ náà bó lọ́jọ́ náà, odindi ọ̀sẹ̀ kan.

"Bí epo kajú," ó ní.

"Bí epo kajú gan-an. Àbí ẹ ti fún un ní nǹkan kan láti fi tì í?"

"Èbà."

Dókítà di ojú, ó là á. "Ẹ má tún fún un ní èbà. Èmi náà, ó yẹ kí n sọ ìdí omi yẹn fún yín. Mo ní ife kan gbáko, mi ò sọ ohun tó fà á. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn."

Ó kọ oògùn olómi funfun kan fún un, kó máa fà á díẹ̀díẹ̀ kó tó jẹun. Ẹ̀kọ tútù, omi tútù, kò gbọ́dọ̀ fi ata kan ẹnu. Kó dá ààwẹ̀ dúró. Bí ọjọ́ méjì bá pé tí omi kò lọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ sí i, kí wọ́n má wulẹ̀ yà sí ọ̀dọ̀ òun, kí wọ́n kọjá sí Ọ̀wọ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kó san láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ó ní ó ṣeé ṣe. Àsàmáù gbọ́ "ó ṣeé ṣe" yẹn dáadáa.

"Ojú mi ńkọ́, mà?" ni Habeebat béèrè.

"Kápúsù yẹn dúró ná. Bí ọ̀fun bá jinná, a ó wo irú mìíràn. Má padà sí ìdí tíúbù, ṣé o gbọ́? Ohun tó ti wálẹ̀ kò ní í gòkè tán lọ́jọ́ kan."

Ìgbà yẹn ni ọmọ náà tó sunkún. Láti àná, pẹ̀lú gbogbo ìrora yẹn, kò tíì sunkún.

Ní ìta, lábẹ́ igi máńgòrò níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ sọ ọ́ fún wọn? Tí Bàbá bá gbọ́ ńkọ́?"

"Ìwọ, kí ló dé tí o purọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í tú ìyá ẹni síta."

Àsàmáù na ọwọ́ sí ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Hámzàt wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tú wáyà gbohùngbohùn kalẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ ha orí rẹ̀. Àsàmáù kúnlẹ̀. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ, ó ń dúró, ó ń padà sẹ́yìn lọ mú ohun tó fò. Ọkọ rẹ̀ ń ha wáyà lọ. Nígbà tó parí, ó ṣì ń wo wáyà náà.

"Ìgbà wo lo ní mo wúkọ́?"

"Kí ẹ tó pe ìrun. Bí ẹ ṣe máa ń wúkọ́."

"Eruku mọ́ṣáláṣí ló máa ń wọ̀ mí lọ́fun, Ìyá Awwal. Mo máa ń tú ọ̀fun ni. Nígbà mìíràn, mo lè wúkọ́ kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó pè. Ta ló sọ fún yín pé ikọ́ ni ìrun?"

"Gbogbo àdúgbò ló ń fi í pa ẹnu dé."

"Gbogbo àdúgbò?" Ó gbé orí sókè. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti di ládàánì."

Ọdún kọkànlá nìyẹn. Ó dà bíi pé ó máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Ẹni tí ife bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, tó wá gbọ́ ìpè gan-an, wọ́n ní kó mu ohun tó fẹ́ mu nínú ẹ̀ kó tó gbé e kalẹ̀. Aláìsàn pàápàá, Ọlọ́run ti fún un láyè. Inú ilé kan náà la jọ ń sùn. O ò bi mí."

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ta ni? Ẹ̀rù mi?"

Hámzàt wo ẹnu ọ̀nà yàrá, níbi tí Habeebat jókòó sí, tó ṣí ojú sílẹ̀, tó gbé abọ́ itọ́ lé itan. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni pé ọjọ́ náà ló ń rí ojú ọmọ rẹ̀.

"Níkáàbù yẹn náà," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "nítorí èyí ni?"

Ó kó wáyà rẹ̀ nílẹ̀, ó sì jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àsàmáù jẹ sàárì tirẹ̀ tán tètè. Habeebat kò gba ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jí, ó lá oògùn funfun náà díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró kó balẹ̀. Àsàmáù bu omi kún ife náà títí tó fi fẹ́ dà, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Gbohùngbohùn kùn hììì láti mọ́ṣáláṣí.

Àsàmáù dúró de ikọ́. Ikọ́ kò dún. Ohùn Hámzàt ló jáde, lásán báyìí, bí ohùn ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò. Mi ò tíì pe ìrun o. Ikọ́ mi tí ẹ máa ń gbọ́, ikọ́ ni, eruku ni. Ẹni tí oúnjẹ wà níwájú ẹ̀, kó jẹ ẹ́. Ẹni tí ife omi bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó mu ún tán. Bí ẹnikẹ́ni bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀..." Ó dúró. Ẹ̀rọ ń kùn. "Kó mu ún tán."

Láti ẹ̀yìn ògiri, ohùn Mọ́júbọ́lá tó kún fún oorun jáde: "Ìyá Awwal, ṣé ó dáa? Kí ni Ààfáà ń wí?"

Àsàmáù kò gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀fun ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Habeebat gbé ife sẹ́nu, ó fà á díẹ̀. Gògóńgò rẹ̀ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ náà di ojú, ó fọwọ́ tẹ àyà, ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́.

"Ṣé ó lọ?"

"Ó lọ." Ó mí. "Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n ó lọ."

"Fà á sí i."

Ìgbà náà ni Hámzàt wá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àṣà tó ti wọ̀ ọ́ lára. Ọwọ́ Àsàmáù ta láti itan. Ó mú un padà. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan ara rẹ̀, ó jókòó lé wọn, ó sì ń wo ọmọ náà tó tún gbé ife sókè.